Ọjọ́ Tí Mo Yọ Tíṣà Kúrò Lórí Ọ̀rọ̀ Ò Tán

Èmi Kúbúrá kì í ṣe èèyàn burúkú, ṣùgbọ́n inú máa ń tètè bí mi. Salahudeen ọkọ mi ní bí wọ́n bá gbé ìkòkò omi tútù lé mi lórí, yóò hó kí n tó délé. Mi ò bá a jiyàn. Mo tètè sọ ọ́ kí ẹnikẹ́ni má baà ní mo fi ìwà mi pamọ́, nítorí ohun tí mo fẹ́ ròyìn yìí, ọwọ́ ara mi ni mo fi ṣe é, ìka kan ṣoṣo ni mo sì lò.

Òwú ìránṣọ, bọ́tìnì, síìpù àti abẹ́rẹ́ máṣíìnì ni mò ń tà láàárín ìlú Ọ̀wọ̀. Àwọn télọ̀ máa ń dé láàárọ̀, wọ́n á ra ohun tí wọ́n fẹ́ lò lọ́jọ́ náà, wọ́n á bá tiwọn lọ. Láti bí aago mọ́kànlá títí di ìgbà tí a bá kírun Alásàárì, ó ku èmi, àga mi àti eṣinṣin. Ẹni tí kò bá ta ọjà bẹ́ẹ̀ rí kò lè mọ bí ọ̀sán ṣe gùn tó. Ohun tó ń jẹ́ kí ọ̀sán tèmi kúrú ni Ọ̀rọ̀ Ò Tán.

Ọ̀rọ̀ Ò Tán ni orúkọ ẹgbẹ́ wa lórí Wọ́sáàpù. Èmi àti Hamidat ọ̀rẹ́ mi, tó ń ṣe búrẹ́dì, la dá a sílẹ̀ ní ọdún mẹ́rin sẹ́yìn, èmi sì ni ádímíìnì. Èèyàn méje la fi bẹ̀rẹ̀. Ní báyìí a ti fẹ́rẹ̀ẹ́ pé igba. Òfin mẹ́ta péré ló wà níbẹ̀: kò sí òṣèlú, kò sí ìjà ẹ̀sìn, kò sí ọjà títà. Yàtọ̀ sí ìyẹn, ohun tó bá wu ẹnu ni kí ẹnu sọ. A ti fi ọjọ́ méjì gbáko jiyàn lórí bóyá ó yẹ kí wọ́n jí ẹni tó bá ń hanrun. A ti jiyàn lórí bóyá ẹran ewúrẹ́ ṣì dùn tí wọ́n bá ti bó awọ ẹ̀ kúrò. Nígbà tí a ń jiyàn bóyá ó bójú mu kí èèyàn kí ẹni tó ń jẹun lọ́wọ́, tọkọtaya kan ní ìlú Upenmen kò bára wọn sọ̀rọ̀ títí ilẹ̀ ọjọ́ kejì fi mọ́. Bí a ṣe ń gbádùn ara wa nìyẹn.

Tíṣà Ambrose ló sì ń dá gbogbo iyàn yìí sílẹ̀. Ọmọ Ọ̀kà Àkókó ni, ṣùgbọ́n ó ti lo ọdún mẹ́rìnlélọ́gbọ̀n lọ́dọ̀ wa. Ó kọ́ Hamidat ní kíláàsì karùn-ún, Hamidat ló sì mú un wọ ẹgbẹ́. Ìlú Ìjàgbà ló ti ṣe iṣẹ́ tíṣà kẹ́yìn kó tó fẹ̀yìn tì. Ìyàwó ẹ̀ kú ní ọdún mẹ́ta sẹ́yìn, àwọn ọmọ ẹ̀ ti ṣí lọ sọ́nà jínjìn, òun nìkan ló wà nílé ẹ̀ nítòsí oríta Ìkàrẹ́. Kí aago méje tó lù láràárọ̀, ọ̀rọ̀ Tíṣà á ti wọlé. Á kọ́kọ́ kí wa, á wá gbé nǹkan kalẹ̀ tí yóò ta wá lára, á parí ẹ̀ pẹ̀lú ọ̀rọ̀ kan náà: "Ẹ fèsì."

Tí ó bá sọ bẹ́ẹ̀, èmi ni mo máa ń kọ́kọ́ fò dìde. Bí ó bá ní kí wọ́n jí ẹni tó ń hanrun, èmi á ní kí wọ́n jẹ́ kó sùn. Bí ó bá ní òjò dára ju oòrùn lọ, èmi á bèèrè bóyá òjò ló ń jẹ́ kí aṣọ ẹ̀ gbẹ. Àkókó làwa èèyàn Ọ̀wọ̀ máa ń fi ṣe yẹ̀yẹ́, òun náà á fi tiwa ṣe, ẹ̀rín á sọ. Mi ò ní purọ́, ó dùn mọ́ mi ju oúnjẹ lọ. Bí mo bá jí, kí n tó lajú tán ni mo ti ń wá ibi tí Tíṣà kọ nǹkan sí.

Ó wá di ọjọ́ Thursday kan nínú oṣù tí iṣu tuntun ń jáde. Kí n tó ṣí ṣọ́ọ̀bù tán ni télọ̀ kan ti dúró lé mi lórí, ó ń pariwo pé síìpù tí mo tà fún òun já lẹ́yìn ìyàwó tuntun lójú gbogbo àlejò. Mo ní síìpù kọ́ ló ní kí ìyàwó sanra. Ó ní mo bú oníbàárà òun. Bí a ṣe ń fà á lọ fà á bọ̀ ni fóònù mi dún. Tíṣà ni.

Ó kọ ọ́ báyìí: "Ẹ káàárọ̀ o, gbogbo ilé. Nínú gbogbo iṣu tó ń wọ Ọ̀wọ̀, ti Ìjàgbà ni baba. Iṣu Emure-Ile dára, ṣùgbọ́n fún ewúrẹ́. Ẹ fèsì."

Emure-Ile ni wọ́n ti bí ìyá mi. Ó ti lé ní ẹni àádọ́rin ọdún, orókún ń dùn ún, síbẹ̀ ó ń lọ sóko. Bí mo ṣe ń ka ọ̀rọ̀ yẹn, ojú inú mi ń rí i bó ṣe bẹ̀rẹ̀ sí ìdí ebè tó ń wa iṣu tí wọ́n ní kí ewúrẹ́ jẹ. Mo fi télọ̀ yẹn sílẹ̀ níbi tó dúró sí, mo dojú kọ fóònù.

Mo ní, "Tíṣà, iṣu Ìjàgbà tí ẹ ń jẹ ló jẹ́ kí eyín yín ku mẹ́rin."

Ó ní, "Mẹ́rin yẹn tó iṣu Emure í jẹ, torí omi ni. Mímu ni wọ́n ń mu ún."

Gbogbo ilé bú sẹ́rìn-ín. Àwòrán ẹ̀rín, àwòrán ẹkún, wọ́n tò ó bẹẹrẹ. Ọláídé, tó jẹ́ pé iyán ìyá mi ló jẹ dàgbà, náà ń rẹ́rìn-ín. Mo kọ ọ́ pé kí Tíṣà má fi iṣẹ́ ọwọ́ ìyá mi ṣe yẹ̀yẹ́. Ó ní, "Kúbúrá, bí o bá fẹ́ se ọbẹ̀, má wá omi lọ jìnnà. Gé iṣu Emure kan sínú ìkòkò."

Ẹ̀rín tún sọ. Télọ̀ ń pariwo létí mi ọ̀tún, ojú mi ti ṣú. Mo rí i lókè ibẹ̀ pé Tíṣà tún ń kọ̀wé lọ́wọ́. Mo ní òmíràn tún ń bọ̀ nìyẹn. Kí èyí tó ń kọ tó wọlé, mo tẹ orúkọ ẹ̀, mo yọ ọ́ kúrò.

Ẹni tó kọ́kọ́ sọ̀rọ̀ ni Àlàájì Sùlè. Kápẹ́ńtà ni, òun ló dàgbà jù láàárín wa, ìka ẹ̀ ti le fún iṣẹ́ igi débi pé kò lè tẹ lẹ́tà, ohùn ló máa ń fi ránṣẹ́. Ohùn náà kò ju gbólóhùn kan lọ: "Kúbúrá, ọma mi, Tíṣà lo lé jáde un?"

Bí ó ṣe sọ ọ́ yẹn, bíi pé mo ti bàbá arúgbó síta gbangba nínú òjò, ni ara mi tutù. Hamidat pè mí lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀.

"Ìyá Ràhmát, ṣé ẹ̀mí kọ́ ló gbé ẹ wọ̀?"

"Ó bú iṣu ìyá mi."

"Iṣu ni o. Iṣu! Ṣé iṣu wá fẹjọ́ sùn ẹ́ ni?"

Kí ìrun Alásàárì tó tó, inú mi ti rọ̀, ojú sì ti ń tì mí. Mo dá a padà sínú ẹgbẹ́. Mo kọ ọ́ síbẹ̀ pé, "Tíṣà, ẹ má bínú, inú ló bí mi." Kò pé ìṣẹ́jú méjì, a rí i lójú gbogbo wa: Tíṣà Ambrose ti jáde. Ó fẹsẹ̀ ara ẹ̀ rìn jáde.

Mo pè é lórí fóònù. Ó gbé e. Kò pariwo, kò sì bú mi. Ó ní, "Ẹ ṣeun o, ìyá Ràhmát. Kò sí wàhálà rárá. Ẹ kí bàálé yín fún mi." Ẹ gbọ́ o! Láti ọjọ́ tí mo ti mọ Tíṣà, "ìwọ Kúbúrá" ló máa ń pè mí. Òun tó lè bí mi ló wá ń pè mí ní "ẹ" bíi pé inú ọ́fíìsì la ti pàdé. Bákan náà, èdè Ọ̀wọ̀ ló máa ń bá wa sọ bíi ọmọ bíbí ibẹ̀. Lọ́jọ́ náà, Yorùbá rédíò ló ń jáde lẹ́nu ẹ̀. Ó yé mi pé ó ti ti ilẹ̀kùn mọ́ mi.

Ọ̀rọ̀ Ò Tán kò ní ọ̀rọ̀ mọ́ láti ọjọ́ yẹn. Ní Friday, Ọláídé gbìyànjú. Ó bi wá bóyá ìrẹsì dùn. Gbogbo wa ní ó dùn. Ó parí síbẹ̀. Ní Saturday ẹnìkan bèèrè bóyá ó yẹ kí ọmọ máa bọ̀wọ̀ fún òbí. A ní ó yẹ. Ta ni yóò sọ pé kò yẹ? Nígbà tó di ọ̀sẹ̀ kejì, àdúrà tí wọ́n ń fi ránṣẹ́ láti ibòmíràn àti àwòrán òdòdó ló kún ibẹ̀. Ẹnìkan fẹ́ ta ẹ̀rọ amómitutù, mi ò tilẹ̀ lágbára láti bá a wí. Èèyàn mọ́kànlá jáde láìdágbére. Ọ̀sán mi gùn padà bó ṣe wà tẹ́lẹ̀, eṣinṣin padà sípò wọn. Ohun tó dùn mí jù kì í ṣe ẹgbẹ́. Mo ń ronú pé ta ni Tíṣà ń kí láàárọ̀ báyìí, nínú ilé tí kò sí ẹlòmíràn yẹn. Èrò yẹn kò jẹ́ kí n gbádùn oúnjẹ.

Ní ọjọ́ kẹsàn-án, Àlàájì Sùlè fẹsẹ̀ rìn wá sí ṣọ́ọ̀bù mi. Ó jókòó, ó wo àwọn bọ́tìnì mi títí, ó wá sọ̀rọ̀.

"Kúbúrá, a i lé èèyàn jáde nú ulé, ká wá ṣí ilẹ̀kùn sílẹ̀, ká ní kó máa bọ̀. Nńkan tí o ṣe lọ́jọ́ yẹn nìyẹn. Ẹni tí a bá lé, a máa ń lọ mú un ghá ni."

"Àlàájì, Wọ́sáàpù mà ni."

"Èèyàn ọ̀hún ńkọ́, Wọ́sáàpù ni òun náà?"

Ó ní òun á ṣáájú, Hamidat á tẹ̀ lé wa, torí pé ká rìn ká pọ̀, yíyẹ ní í yẹni. Ó ní a ò gbọ́dọ̀ fọwọ́ lásán lọ. Mo ní kí n ra obì. Ó wò mí bíi ẹni tí kò gbọ́n. "Uṣu ni ẹjọ́ wà lórí ẹ̀. Kí lo fẹ́ fi obì ṣe?" Bẹ́ẹ̀ ni mo ṣe ránṣẹ́ sí ìyá mi ní Emure-Ile pé kó bá mi wa iṣu mẹ́ta tó gbó dáadáa. Kò bèèrè ohun tí mo fẹ́ fi ṣe. Ó fi mẹ́fà ránṣẹ́.

A lọ ní ọ̀sán Sunday, nígbà tí a mọ̀ pé Tíṣà á ti dé láti ṣọ́ọ̀ṣì. Àlàájì wọ agbádá. Hamidat gbé búrẹ́dì gbígbóná dání, ó ń pa ẹ̀rín mọ́ra láti oríta títí dé ẹnu ọ̀nà. Ó ní òun ò tíì rí i rí kí wọ́n wọ agbádá lọ bẹ̀bẹ̀ nítorí ohun tó ṣẹlẹ̀ nínú fóònù. Mo gbé iṣu lórí, mi ò dá a lóhùn.

Tíṣà ṣí ilẹ̀kùn. Ó rù díẹ̀, tàbí ojú mi ló ń rí i bẹ́ẹ̀. Ó ní, "Ẹ káàbọ̀, ẹ wọlé, ẹ jókòó." Yorùbá rédíò ṣì ni. Ó bu omi fún wa. Àlàájì Sùlè gbé agbádá sí èjìká, ó bẹ̀rẹ̀. Ó kí ilé, ó kí òkú ọ̀run, ó kí ọdún tí Tíṣà ti lò pẹ̀lú wa. Ó ní ọmọ tó bá fi ọwọ́ òsì júwe ilé bàbá ẹ̀, a kì í tìtorí bẹ́ẹ̀ gé ọwọ́ náà. Ó ní inú bíbí kò da nǹkan. Ó sọ̀rọ̀ débi pé èmi gan-an gbàgbé pé èmi ni ọ̀daràn ibẹ̀. Nígbà tó ní, "Kúbúrá, ó kù sọ́wọ́ ẹ," mo kúnlẹ̀ wọ̀ọ̀.

"Tíṣà, mo jẹ̀bi. Mi ò jẹ́ kí ẹ sọ̀rọ̀ tán. Ẹ fojú fò ó dá."

"Ẹ dìde, ìyá Ràhmát. N kò bínú."

Mo ní, "Ẹ̀ ń bínú, Tíṣà. Ẹ̀ ń pè mí ní 'ẹ'."

Hamidat kò lè pa ẹ̀rín mọ́ra mọ́, ó fi ìbòrí bo ẹnu. Ojú Tíṣà náà fẹ́ rẹ́rìn-ín, ó gbé e mì. Àlàájì ní kó jọ̀ọ́ kó sọ ibi tí bàtà ti ta á lẹ́sẹ̀ gan-an, torí pé òun ò gbà pé nítorí iṣu ni.

Tíṣà wo iṣu tí mo gbé wá. Ó wá ní, "Yíyọ tí wọ́n yọ mí kò dùn mí tó bẹ́ẹ̀. Iṣẹ́ tí mo ṣe ò parí ni." Ó dìde, ó wọ yàrá, ó gbé ìwé mẹ́fà jáde, irú èyí tí àwọn ọmọ iléèwé fi ń kọ iṣẹ́ àmúrelé. Ó ti fi ìwé ìròyìn di gbogbo wọn lẹ́yìn bí a ti ń ṣe nígbà tí a wà ní kékeré. Ó gbé èyí tó wà lókè lé mi lọ́wọ́.

"Ojú ewé ọjọ́ Thursday yẹn ni kí o ṣí."

Ó ti pè mí ní "o", ṣùgbọ́n mi ò tíì ráyè yọ̀. Mo ṣí i. Nóòtù ẹ̀kọ́ ni, bí àwọn tíṣà ṣe máa ń ṣe é kí wọ́n tó wọ kíláàsì. Ó fi rúlà fa ìlà sí i, ó kọ ọ́ ní bírò dúdú:

Orí ọ̀rọ̀: Iṣu.
Ìhà tí n ó gbè: Ìjàgbà.
Ohun tí mo gbà ní tòótọ́: Emure-Ile. Kò sí irú ẹ̀.
Ẹni tí yóò bínú: Kúbúrá.
Bí a ó ṣe parí ẹ̀: Tí ó bá ti gbóná dáadáa, sọ fún un pé iṣu Emure ni ìyá àwọn ọmọ mi ń rà títí ó fi kú, àti pé títí dòní, iṣu mìíràn kò lọ lọ́fun mi. Kí ó bá mi kí ìyá ẹ̀.

Mo kà á lẹ́ẹ̀mejì. Ohun tó ń kọ lọ́wọ́ nìyẹn nígbà tí mo tẹ bọ́tìnì. Èmi ni mi ò jẹ́ kó dé ibi ìparí.

Àlàájì ní kí n kà á síta. Mo kà á. Mo bẹ̀rẹ̀ sí í ṣí àwọn ojú ewé tó wà ṣáájú. Ẹni tó ń hanrun: ìhà tí n ó gbè, kí wọ́n jí i, ohun tí mo gbà ní tòótọ́, kí wọ́n jẹ́ kó sùn. Òjò àti oòrùn: ohun tí mo gbà ní tòótọ́, oòrùn. Kíkí ẹni tó ń jẹun, bẹ́ẹ̀ náà. Ọdún mẹ́rin! Ó jẹ́ pé ẹ̀yìn mi ló wà látọjọ́ yìí, ẹnu ló kàn fi ń ta kò mí.

Inú bí mi. Mo ti sọ fún yín pé ó máa ń tètè bí mi. Orí ìkúnlẹ̀ tí mo wà ni mo ti pariwo: "Tíṣà! Ṣé ẹ wá ń tàn mí ni? Ọjọ́ tí mo fi gbogbo ọ̀sán ṣàlàyé ọ̀rọ̀ oòrùn, tí oúnjẹ mi jóná, ẹ ti gbà tẹ́lẹ̀?"

"Bí mo bá gbà," ni Tíṣà wí, "kí la ó tún sọ?"

Àlàájì ń na ọrùn sínú ìwé. "Ibi tí orúkọ tèmi wà ńkọ́?" A wá a, a rí i, lórí ọ̀rọ̀ awọ ewúrẹ́. Ẹni tí yóò bínú: Àlàájì Sùlè. Inú ẹ̀ dùn bíi ẹni tí wọ́n fi joyè. Hamidat ní wọn ò kọ tòun síbì kankan, Tíṣà sì dá a lóhùn pé láti kíláàsì karùn-ún ni òun ti mọ̀ pé Hamidat kì í bínú, kò wúlò fún irú iṣẹ́ yìí. A rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú wa.

Àárín ẹ̀rín yẹn ni mo ṣí ojú ewé tó tẹ̀ lé ti Thursday. Mo rò pé òfìfo ni yóò jẹ́. Kì í ṣe òfìfo. Ó kọ ti Friday. Ó kọ ti Saturday. Ojú ewé mẹ́wàá ló kọ, ó fa ìlà sí gbogbo ẹ̀, ọ̀kan lóòjọ́, títí dé àárọ̀ Sunday tí a jókòó sí yìí, nígbà tí kò sí ibi kankan tí yóò gbé e sí. Ọ̀rọ̀ wà níbẹ̀ lórí ẹ̀wà. Ọ̀rọ̀ wà lórí ẹni tó yẹ kó kọ́kọ́ wẹ̀ nínú ilé. Níbi tó yẹ kó kọ ẹni tí yóò bínú sí, ó kọ orúkọ mi sí ti Friday, ó fa ìlà gba orí ẹ̀ kọjá. Láti Saturday lọ, ohun kan náà ló kọ síbẹ̀ lójoojúmọ́:

Ẹni tí yóò bínú: kò sí.

Ẹ̀rín kúrò lẹ́nu mi. Mo fi ìwé bojú, mo sunkún, mi ò sì tijú ẹnikẹ́ni. Mo ń rí i bó ṣe ń jí, tó ń fa ìlà, tó ń mú iṣẹ́ sílẹ̀ fún kíláàsì tí mo ti tú ká.

Mo gbọ́ ohùn Tíṣà lórí mi. "Kúbúrá, ó tó. Dìde, ọma mi, ghá jókó." Èdè Ọ̀wọ̀ ló fi sọ ọ́. Àlàájì mí kanlẹ̀, ó tún agbádá ẹ̀ ṣe bíi adájọ́ tí ẹjọ́ ẹ̀ ti parí.

Ibẹ̀ náà la ti se iṣu. Hamidat bẹ ẹ́, mo dáná, Tíṣà fúnra ẹ̀ wá epo pupa àti iyọ̀. Iṣu náà funfun, ó sì gbẹ bó ṣe yẹ. A jókòó yí abọ́ ká, àwa mẹ́rin, kò sí ẹni tó gbé fóònù. Tíṣà jẹ ẹyọ kan, ó jẹ èkejì, ó mú ẹ̀kẹta. Mo ń wò ó, mo ń dúró kó yìn ín.

Ó ní, "Ó dáa. Omi díẹ̀ ló wà níbẹ̀."

Mo fẹ́rẹ̀ẹ́ da abọ́ nù.

Kí a tó lọ, ó gba ìlérí méjì lọ́wọ́ wa. Àkọ́kọ́ ni pé a ò ní sọ ọ̀rọ̀ ìwé yẹn fún àwọn yòókù, torí tí wọ́n bá ti mọ̀ pé òun ò gba ohun tí òun ń sọ gbọ́, ó ti bàjẹ́ nìyẹn. Ìkejì ni pé bó ti wù kí inú bí mi tó, kí n jẹ́ kí òun sọ̀rọ̀ tán. Mo búra. Ìlérí kìíní ni mo ń bà jẹ́ báyìí, ṣùgbọ́n Tíṣà ti gbà kí n sọ ọ́, ó ní ọ̀pọ̀ nínú wọn kì í kàwé tó gùn.

Ní àárọ̀ Monday, kí aago méje tó lù, ó wọlé: "Ẹ káàárọ̀ o, gbogbo ilé. Ẹni tó bá ń fi ṣúgà sí gaàrí, kò mọ adùn gaàrí. Ẹ fèsì."

Inú gbogbo wọn dùn pé ó padà. Ẹ káàbọ̀, Tíṣà. A ṣàárò yín, Tíṣà. Ẹ̀yin lẹ gbà á, Tíṣà, ṣúgà kò dáa. Èèyàn bí ogún ló gbà fún un láàárín ìṣẹ́jú márùn-ún, nítorí wọ́n ń ṣìkẹ́ ẹ̀. Hamidat pè mí, ó ní, "Ìyá Ràhmát, jọ̀ọ́, rọra lónìí. Àgbàlagbà ṣẹ̀ṣẹ̀ padà wá sílé."

Mo gé ìpè yẹn kúrò létí ẹ̀. Ṣé kí n rọra! Mo ti rí ohun tí ìrọra ń kọ sínú ìwé ẹ̀: "kò sí", ọjọ́ mẹ́sàn-án gbáko. Mo fa àga mọ́ra, mo bẹ̀rẹ̀ sí í tẹ̀ ẹ́. Mo ní, "Tíṣà, ẹ̀yin ará Ọ̀kà tí ẹ ń bu gaàrí mu láìsí ṣúgà, ìyà lẹ̀ ń pè ní adùn. Ẹ dárúkọ aláìsàn kan tí wọ́n fi gaàrí tí kò ní ṣúgà ṣìkẹ́, kí n gbọ́." Mo kọ́kọ́ rò pé mò ń ṣe é nítorí ẹ̀ ni. Kí n tó dé ìlà kẹta, inú ti ń bí mi tọkàntọkàn, torí ọ̀rọ̀ ṣúgà yìí, irọ́ gbáà ni.

Kò fèsì nínú ẹgbẹ́ lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀. Ó fi àwòrán ránṣẹ́ sí èmi nìkan. Ojú ewé ìwé ẹ̀ ni, ìlà ti wà níbẹ̀, ọjọ́ ti wà níbẹ̀, ó sì ti fi bírò dúdú kọ ọ́ kí ilẹ̀ tó mọ́: Ẹni tí yóò bínú: Kúbúrá. Lẹ́gbẹ̀ẹ́ orúkọ mi, ó ti fi bírò pupa fa àmì tí àwọn tíṣà máa ń fà sí iṣẹ́ ọmọ tó bá gbà á.

Mo wò ó títí télọ̀ kan fi dé, tó béèrè òwú aláwọ̀ sánmọ̀. Mo tà á fún un. Lẹ́yìn náà ni mo padà sídìí fóònù, nítorí mi ò tíì sọ ìdajì ohun tó wà nínú mi lórí ṣúgà yẹn.